Jìtá Mi Kò Ní Gbé Inú Gíláàsì

Ẹ jókòó, àmọ́ ẹ fi bẹ́ǹṣì yẹn sílẹ̀ fún èmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, èmi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé e. Mo gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú yín sọ lánàá nígbà tí mò ń ta jìtá lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Ẹ rò pé etí mi ti di. Ó ní irú jìtá báyìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló yẹ kó wà, kì í ṣe ọwọ́ bàbá arúgbó ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìfọ̀. Mi ò bínú sí i. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ ń ti Ìbògùn wá háyà yàrá nílé mi, ẹnu yín ò ní ìjánu kankan, ohun tí ẹ bá rò lẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí nínú ara mi ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú yín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ jìtá yìí di odi. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má tún dán irú ẹ̀ wò lójú mi.

Ẹ wò ó dáadáa ná. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, igi ọ̀gànwó ni. Ojú rẹ̀ tó funfun díẹ̀ yìí, arère ni, wọ́n fá a títí ó fi fẹ́lẹ́. Ọrùn rẹ̀ tí ìka ń rìn lórí rẹ̀, igi apá ni. Kò sí ìṣó kankan lára rẹ̀, àtè tí wọ́n sè láti ara awọ màlúù ló di gbogbo rẹ̀ mú. Ọ̀gá Rábíù ló fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe é, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá réluwéè níbí, kí ibẹ̀ tó di ibi tí wọ́n ti ń ta ike àti bàtà òkìrìkà.

Ilẹ̀kùn àti àga ni Ọ̀gá Rábíù fi ń jẹun. Jìtá ló fi ń gbádùn ayé rẹ̀. Tí ẹ bá ní kó ṣe àga fún yín, ẹ ó gbà á kí oṣù tó parí. Tí ẹ bá ní kó ṣe jìtá, ẹ tètè wá nǹkan míì máa ṣe, torí ó lè di àmọ́dún. Kò ní fi igi tútù ṣe é láéláé. Á gbé pákó ọ̀gànwó sókè àjà ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí èéfín máa fẹ́ sí i, títí omi ara rẹ̀ á fi tán. Ìyàwó rẹ̀ á máa bi í pé ṣé pákó ló fẹ́ kí òun bù sọ́bẹ̀ fún un ni. Bó bá wá tó àkókò láti gé ọrùn jìtá, á ránṣẹ́ pè yín, á ní kí ẹ na ọwọ́ òsì yín, á ya ewé ọ̀pẹ fẹ́ẹ́rẹ́, á fi wọn ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ rán aṣọ fún wọn. Télọ̀ lèmi, mo mọ ohun tó ń jẹ́ wíwọ̀n, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò wọn ẹnikẹ́ni báyìí rí. Kò sí ẹni tó fi ojú sí mi lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan lórí fóònù, tí wọ́n á fi ọ̀kadà gbé e wá kí omi tó hó lórí iná, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí kí èèyàn máa dúró de ohun kan. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo máa ń gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. N kì í béèrè. Mo kàn máa kí i, màá fi ojú wá pákó mi lókè àjà, màá lọ. Oníbàárà tó bá ń kánjú ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Rábíù, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìró. Nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín, ẹ ní láti ta nǹkan tó máa mú wọn dákẹ́. Ní ìdíkọ̀ réluwéè, wọ́n so irin kan rọ̀, àjákù ojú irin ni, òun ni wọ́n máa ń fi òòlù lù bí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Gbogbo àwa olójìtá Ìfọ̀, ohùn irin yẹn la fi ń to okùn jìtá wa. Bí ọkọ̀ òwúrọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á lu irin, ẹ ó sì rí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tí wọ́n sáré jáde ti àwọn ti jìtá, tí wọ́n ń yí èèkàn orí rẹ̀, tí wọ́n ń dẹ etí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi yòówù tí ọmọ Ìfọ̀ méjì bá ti pàdé, bí wọ́n bá gbé jìtá jáde, ohùn wọn á ti bára mu tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan, àwọn réluwéè pààrọ̀ irin náà, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Irin ni. A wá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́jọ́ kejì. Àwa kan ti to jìtá wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn kan ti to tiwọn ní ìjẹta. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ohùn wa ń jà bí orogún. Oníkálùkù ní òun kọ́ ló ṣì í, ẹnì kejì ni. Wọ́n ti ń bọ́ fìlà kí wọ́n fi ìjà pẹẹ́ta kí ẹnì kan tó ní kí a lọ wo ìdíkọ̀. A bá irin tuntun níbẹ̀ tó ń tàn yanran. Ọmọ tí a fẹ́ sọ lórúkọ ti sùn lọ.

Lónìí, fóònù lẹ fi ń to jìtá. Ó dáa, mi ò bú u. Àmọ́ fóònù yín kò lè mú yín bá ara yín jà, kò sì lè mú ohùn yín jọ ti ará ìlú yín. Ọkọ̀ ojú irin tuntun ń kọjá níbẹ̀ báyìí, ó ń fọn fèrè tirẹ̀ lọ. Kò bá wa ní nǹkan ṣe, àwa náà ò bá a ní nǹkan ṣe.

Mówè àti Ìbàfò tí ẹ ń bá lójú títì márosẹ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń bá ṣọ́ọ̀ṣì fa ògiri, tí mọ́ṣáláṣí ń bá ilé epo fa ògiri, oko ni a mọ ibẹ̀ sí. Bí Iléyá bá ti kù dẹ̀dẹ̀, màá di ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, màá gbé jìtá kọ́ ẹ̀yìn ara mi, màá máa lọ láti abúlé dé abúlé, màá máa rán aṣọ ọdún. Àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí ní Ìbàfò ní òfin kan: olójìtá kì í kọjá lẹ́bàá ààrò wọn láìdúró. Ẹni tó bá kọjá, omi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa fi wọ́n ọn. Bí mo bá sì dúró, orin mi kọ́ ni mò ń ta. Igbá tí wọ́n fi ń ro gaàrí nínú agbada ló ń darí mi, ṣàá, ṣàá, ṣàá, ibi tó bá ń lọ ni jìtá ń bá a lọ. Bí mo bá yára jù, ọwọ́ wọn á yára, gaàrí ò ní yan dénú. Bí mo bá falẹ̀, á jóná. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, èmi ni wọ́n á bú. Mi ò kọ́ ìwé orin rí, àwọn obìnrin yẹn ló kọ́ mi ní ìdúró àti ìrìn. Gaàrí gbígbóná àti àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe mí lálejò, mo sì ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lo ìgbà rí. Lọ́dọ̀ yín ní Ìbògùn yẹn náà, kí wọ́n tó gbé iléèwé lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó. Ọjọ́ tí mo lọ fi ara mi han bàbá rẹ̀, mo wọ agbádá tí èmi fúnra mi rán, mo gbé jìtá dání torí wọ́n ní bàbá náà fẹ́ràn orin. Òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Òjò tí kì í béèrè ni. Mo wo agbádá, mo wo jìtá. Mo bọ́ agbádá, mo fi wé jìtá bí ọmọ tuntun, mo wọ inú àgbàlá àna mi pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì tó rin gbindin. Àwọn àbúrò ìyàwó sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà wò mí títí. Ó ní, "Ẹni tó ṣe báyìí fún igi, òjò ò lè pa ọmọ mi nílé ẹ̀." Bó ṣe fún mi ní Sìkírátù nìyẹn. Ó bímọ fún mi, ó bá mi dàgbà, Ọlọ́run ti pè é. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Nígbà ọyẹ́, òun ló máa ń rán mi létí pé kí n gbé jìtá sí ẹ̀gbẹ́ àmù, kí òtútù omi inú ìkòkò má jẹ́ kí igi gbẹ jù kó sán. Àmù ti tán nílé gbogbo yín. Ẹ ń mu omi inú ọ̀rá.

Gàníyù ni àkọ́bí wa. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ni mọ́tò dúdú tó máa ń dí ọ̀nà fún yín. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ bà á jẹ́ lójú yín. Ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò OPIC lọ́hùn-ún, ní Ìṣẹrí. Ọdún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi ṣánlẹ̀ nínú yàrá mi, òun ló sì wá gbé mi lọ sílé rẹ̀. Ó tọ́jú mi. Dókítà ń wá, oúnjẹ tí kò níyọ̀ ń wá, ìyàwó rẹ̀ Tósìn ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí mo bá béèrè jìtá mi, Gàníyù á ní, "Dádì, ọkàn yín ẹ balẹ̀, mo ti ń bá yín tọ́jú ẹ̀." Ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀, ta ni màá tún béèrè lọ́wọ́ ẹ̀?

Nígbà tí ara mi yá, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n wá ní kí n dìde wá wo nǹkan. Aṣọ kan bo ẹ̀gbẹ́ ògiri pálọ̀. Gàníyù fà á kúrò. Gíláàsì ni mo rí, kọ́bọ́ọ̀dù gíláàsì tó ga tó mi, wọ́n tan iná sínú rẹ̀, jìtá mi sì dúró sínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n. Ó ń dán. Kò dán bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ lè fi í ṣe dígí fá irùngbọ̀n.

"Dádì, ẹ wò ó," Gàníyù ní. "Ó ti di tuntun. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ sọ fún mi pé irú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe láti ilẹ̀ yìí, kò sí mọ́. Kò yẹ kí ọwọ́ máa kàn án mọ́."

"Ṣí i," mo ní.

"Dádì, mo ti tì í pa. Nítorí eruku ni."

"Kọ́kọ́rọ́ wà, àbí kò sí?"

Ó ṣí i. Mo gbé jìtá jáde, mo ta okùn kan. Ìró tó jáde dà bí ìgbà tí èèyàn bá kan ilẹ̀kùn tó ti fa omi mu. Mo ta òmíràn, bákan náà. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọlúàbí tó kún pálọ̀ yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbọ́ pé ó ti kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Gàníyù gbé e fún ọ̀gbẹ́ni kan ní Mówè tó ń fín fáníṣì sí àga àti bẹ́ẹ̀dì, pé kó bá òun mú un dán. Onítọ̀hún fín in bí wọ́n ṣe ń fín àga, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi nípọn. Ojú arère yẹn ló ń sọ̀rọ̀ lára jìtá, ẹ jẹ́ kó yé yín. Bí okùn bá gbọ̀n, òun náà á gbọ̀n, ohùn á jáde. Wọ́n ti wá wọ ẹ̀wù tó le fún un. Kò lè gbọ̀n mọ́. Tẹ́ ẹ bá tún wá gbé e síbi tí éésì ti ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, tó ń gbẹ omi ara igi, tí iná ń tàn sí i lẹ́yìn, kí lẹ rò pé ó kù?

Mo ní, "Gàníyù, bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí àwọn àlejò. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀yin náà, ẹ sinmi. Ẹ ti ṣe tó."

Mo wo ara mi. Mo wà nínú jálàbíà funfun tí wọ́n lọ̀ fún mi, tìmùtìmù wà níbi tí mò ń jókòó sí, wọn kì í jẹ́ kí n bu omi mu fúnra mi. Tí mo bá dìde, ẹnì kan á ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́?" Mo rí i pé èmi náà, wọ́n ti fín nǹkan sí mi lára. Mo ní, "Mi ò ní sinmi. Ọjọ́ ìsinmi ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí léèrè. Èyí tí mo bá ní lọ́wọ́ kó tó dé, màá lò ó." Àwọn àlejò tètè rántí pé ọ̀nà àwọn jìn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Gàníyù ti lọ síbi iṣẹ́. Tósìn ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní yàrá. Ọmọ Èkó ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sábà sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú mi. Ó kúnlẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sọ pé èmi ni o." Mo ṣèlérí. Mo ti wá sọ ọ́ fún yín báyìí, ẹ má jẹ́ kó délé. Mo wé jìtá sínú ìró kan tó fún mi, mo jáde.

Mówè ni mo kọ́kọ́ yà sí, mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fín sí i. Mo bá ọ̀gbẹ́ni náà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí àga ti tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá títì. Ìjà ni mo gbé lọ bá a. Nígbà tó rí jìtá, tó rí ojú mi, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pákó. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kó máa dán ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó ń sọ̀rọ̀." Ìjà tán lẹ́nu mi. Ó ní òun ní kẹ́míkà tó lè bó o kíákíá. Mo ní rárá, kẹ́míkà á wọ inú àtè, gbogbo ara rẹ̀ á sì tú ká. Mo bọ́ sí ọkọ̀, mo padà sí Ìfọ̀, sílé ara mi.

Ẹ̀yin ò tíì wá gbé ibí nígbà yẹn. Ìta yìí ni mo jókòó sí lójoojúmọ́, mo fọ́ ìgò, mo mú àfọ́kù tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ dáadáa, mo ń fi há fáníṣì kúrò. Bí Ọ̀gá Rábíù ṣe ń ṣe é nìyẹn, kì í fi ìwé yanrìn kan ojú jìtá, ó ní yanrìn ń sé ihò igi. Bẹ́ ẹ bá há a kéré, fáníṣì á ṣẹ́kù, odi ni yóò máa jẹ́. Bẹ́ ẹ bá há a jù, arère á fẹ́lẹ́ ju ohun tó lè gbé okùn lọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fa okùn le, ojú rẹ̀ á là sí méjì, ó parí nìyẹn, kò sí Ọ̀gá Rábíù mọ́ láyé tó lè ṣe òmíràn. Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ń há a díẹ̀, mo ń fi ìka kan án, mo ń gbé etí lé e. Mo tún há a. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú iṣẹ́, àwọn míì ń mi orí. Alága àdúgbò wa dúró, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn. Ẹ dáwọ́ iṣẹ́ yìí dúró." Mo ní kó bá mi wá ìgò míì.

Gàníyù pè mí lórí fóònù títí ó fi sú u. Nígbà tó dé fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ti parí, mo ti há a tán, mo ń fa okùn sí i lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ẹ máa fọ́ ọ. Ẹ ti há a fẹ́lẹ́ jù. Ẹ wò ó, iná ń gba inú ẹ̀ kọjá."

"Bó bá máa fọ́, ọwọ́ mi ló máa ti fọ́," mo ní. "Bó bá máa fọ́, á jẹ́ pé nǹkan ló ń ṣe. Jókòó."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di orí mú. Mo ń yí èèkàn. Okùn ń le, igi ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Okùn tó kẹ́yìn ni mò ń fà le nígbà tí ó dún pọ́! Gàníyù fò dìde. Ẹ wá wò ó níbí, ìlà tó là láti ẹ̀gbẹ́ ihò yìí lọ sí ìsàlẹ̀, ọjọ́ yẹn ló là. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo dúró. Kò là síwájú mọ́. Mo ní, "Bísímílà," mo ta á.

Ó sọ̀rọ̀. Ohùn àtijọ́ kọ́, mi ò ní tàn yín. Ohùn náà ti há díẹ̀, ó dà bí ti ẹni tó ṣàìsàn tó dìde. Ṣùgbọ́n ohùn ni. Ó kún inú ìta yìí, ó lọ kan ògiri ilé kejì, ó padà wá. Mo sunkún. Ẹ̀kún ayọ̀ ni, ẹ̀kún ìbínú sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ta gbogbo ohun tó wá sọ́wọ́ mi, mi ò wo ọ̀dọ̀ ọmọ mi rárá. Mo ta á títí ìka fi ń ta mí.

Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, Gàníyù fi ọwọ́ kan ibi tó là. Ó ní, "Dádì, tí ẹ ò bá sí mọ́ ńkọ́? Kí la máa ṣe sí i?" Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ mi. Ó rí mi nígbà tí mo dùbúlẹ̀ tí mi ò lè gbé ọwọ́, ó sì ń wá ohun kan lára mi tó lè tì pa tí kò ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ṣe mí láàánú. Àmọ́ àánú yẹn ò ní kí n gbà fún un.

Mo ní, "Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ ọ́n ta nínú ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ là á, kí ẹ fi dá iná ìrẹsì fìdáù mi. Ọ̀gànwó ń jó dáadáa. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e kọ́."

Ó wò mí bóyá eré ni mò ń ṣe. Kò rí eré kankan lójú mi. Ó wá fa bẹ́ǹṣì mọ́ mi, ó bọ́ agogo ọwọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì. Ó ní, "Ìka wo ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé e?"

Látìgbà náà ni ẹ fi ń rí mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé ní gbogbo Sátidé. Ìró tí ẹ ń gbọ́ láti pálọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ fi ń sáré ti fèrèsé yín, òun ni. Mo mọ̀ pé kò ṣeé gbọ́. Ìka rẹ̀ wúwo, okùn ń ké lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí òógùn ọwọ́ kán sórí igi. Ìlà tó là yẹn ti gùn sí i. Ẹ máa ti fèrèsé yín, mi ò bínú. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé kí n ní kó gbé e sílẹ̀. Ọmọ mi ń ba jìtá mi jẹ́ lójú mi, mi ò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.